Ta Ló Ń Bá Yín To Ìròyìn Yín?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí i pé àwọn kan ti yọ fóònù wọn jáde kí n tó dé orí ìdúró yìí, mi ò bá wọn wí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ kà lórí fóònù yẹn láàárọ̀ òní, ta ló yàn án fún yín? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ rántí àkọ́lé tí ojú yín kọ́kọ́ bà. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá a lọ, àbí òun ló wá yín wá? Tó bá jẹ́ òun ló wá yín wá, ta ló rán an?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ò mọ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbì kan tó ń wo ohun tí a tẹ̀ lánàá, tó ń wo ohun tó bí àwọn èèyàn nínú lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá kó wọn jọ síwájú wa. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ọ̀tá wa, àmọ́ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ wa náà. Ẹlòmíì ló ń sanwó rẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ lónìí ti pẹ́ láyé ju ẹ̀rọ yẹn lọ. Áàpù kan ni, tí èèyàn ń gbé sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kó máa lọ káàkiri àwọn ìkànnì tí ẹ fúnra yín dárúkọ fún un, kó wò bóyá wọ́n ti kọ nǹkan tuntun, kó sì kó o wálé. Bí ẹ bá dárúkọ ìkànnì ogún, ogún náà ni yóò máa lọ. Kò ní fi ti ẹnikẹ́ni kún un, kò sì ní gbé olókìkí síwájú ẹni tí ò lókìkí. Fíìdì là ń pe ohun tó ń kó wálé, fíìdì rídà là ń pe áàpù náà. Lọ́dọ̀ tèmi, mo máa ń pè é ní akóròyìnjọ. Kì í ṣe akọ̀ròyìn, nítorí kò kọ nǹkan kan; kíkó ni tiẹ̀. Ṣùgbọ́n rídà yá lẹ́nu, òun ni mo máa lò títí a ó fi parí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú fíìdì wò, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Fíìdì kò ju fáìlì kan lọ. Ìkànnì tó ń gbé ìròyìn jáde á fi fáìlì náà sí àdírẹ́sì kan. Bí wọ́n bá ti kọ nǹkan tuntun, wọ́n á fi í sókè fáìlì, wọ́n á gé ti ìsàlẹ̀ kúrò kó má baà gùn jù. Bí ẹ bá ṣí i wò bẹ́ẹ̀ láìsí rídà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n há sáàárín àwọn àmì ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹ tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ló ń ṣe ní àṣetúnṣe. Ibi tí wọ́n kọ item sí ni ìròyìn kan ti bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ lẹ ó ti rí title, ìyẹn àkọ́lé. Ẹ ó rí link, àdírẹ́sì ibi tí ìròyìn náà wà. Ẹ ó rí description, níbi tí wọ́n kọ àkópọ̀ rẹ̀ sí, tàbí gbogbo rẹ̀ pátá bí wọ́n bá lawọ́. pubDate ni ọjọ́ àti wákàtí tó jáde, bí àpẹẹrẹ Tue, 05 Mar 2024 07:30:00 +0000. Òdo tó wà lẹ́yìn yẹn ń sọ pé aago Greenwich ni wọ́n fi kà á, kí rídà lè yí i sí aago ibi tí ẹ wà.

Èyí tó kù ni guid, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Àmì ìdánimọ̀ ìròyìn kọ̀ọ̀kan ni. Òun ni rídà fi ń mọ̀ pé, áà, mo ti rí eléyìí rí. Bí olóòtú bá tún àkọ́lé kọ lọ́sàn-án, tí guid rẹ̀ ò yí padà, rídà á mọ̀ pé ìròyìn àárọ̀ náà ló pààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ìkànnì bá kó kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tí gbogbo guid wọn yí padà lóru ọjọ́ kan, ẹ ó jí, ẹ ó bá ìròyìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn níwájú yín, tí wọ́n ń pe ara wọn ní tuntun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo pa áàpù náà, mo tún un ṣí, mo tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo tún gbé e sí i. Mo ti ń bú ẹni tó ṣe é kí n tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi.

Ìtàn rẹ̀ ò gùn, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. RSS ni orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ń kọ fáìlì tí à ń pè ní fíìdì yìí. Oṣù kẹta ọdún 1999 ni Netscape, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì, gbé RSS àkọ́kọ́ jáde. Ramanathan Guha àti Dan Libby ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, torí pé Netscape ní ojú ìwé kan tí oníkálukú ti lè to ohun tó wù ú sí. Kò pẹ́ tí Netscape fi pa á tì, ló bá di ohun tí àwọn èèyàn ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Dave Winer, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ áàpù nígbà náà, ń fà á síbí, ó ní kó rọrùn. Àwọn míì ń fà á sọ́hùn-ún, wọ́n ní kó jinlẹ̀. Àwọn ti ọ̀hún gbé RSS 1.0 jáde lóṣù kejìlá ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Aaron Swartz sì wà láàárín wọn. Ti Winer di RSS 2.0 ní 2002. Ìjà náà sú àwọn kan, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Atom, ìyẹn sì di ìlànà tí gbogbo ayé íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́wọ́ gbà lóṣù kejìlá ọdún 2005. Àní lẹ́tà mẹ́ta inú RSS yẹn, ó ti yí ìtumọ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Fún àwa tí à ń kàwé, kò sí ohun tó kàn wá nínú gbogbo rẹ̀, nítorí rídà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ka ti Winer, ó ń ka Atom, kò sì ní sọ fún yín pé èyí tí òun ń kà nìyí.

Ohun kan jáde nínú ìjà yẹn tí ẹ ń lò láìmọ̀. Ní 2000 kan náà, Winer fi àyè kan kún RSS tí wọ́n lè so fáìlì ohùn mọ́. Ibẹ̀ ni pọ́díkáàsì ti jáde. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń gbọ́ pọ́díkáàsì, fíìdì ló ń gbé e wá bá a. Ẹ ti mọ ilé yìí tipẹ́, ẹnu ọ̀nà iwájú nìkan lẹ ò gbà wọlé.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń rí fíìdì? Láyé ọjọ́un, àmì kan wà tó pọ́n bí ọsàn, tó ní àmì tótó kékeré kan nísàlẹ̀ àti ìlà méjì tó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ lókè rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Firefox, áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì, ló ti wá. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2005, Microsoft náà ní àwọn á máa lò ó, ó wá di àmì gbogbo ayé. Lónìí, ẹ lè rin ìkànnì ogún kí ẹ má rí i. Firefox fúnra rẹ̀ yọ ohun tó fi ń ka fíìdì kúrò nínú ẹ̀dà 64, lóṣù kejìlá ọdún 2018. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ pé RSS ti kú. Kò kú o. Àmì ọjà ni wọ́n já, ọjà ṣì wà nínú ilé. Nínú apá ojú ìwé tí ojú wa kì í rí, ìlà kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń sọ fún rídà pé fíìdì wa wà ní ibi báyìí báyìí. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ẹ wá àdírẹ́sì fíìdì. Ẹ da àdírẹ́sì ìkànnì náà kọ, ẹ fi í sínú rídà, òun á wá ìyókù. Bí kò bá rí i, tó sì jẹ́ pé WordPress, áàpù tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ ìkànnì, ni ìkànnì náà ń lò, ẹ fi /feed sí ìdí àdírẹ́sì rẹ̀, ó máa ń jẹ́. Àwọn tó ń gbé fídíò sórí YouTube náà ní fíìdì, oníkálukú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé YouTube kì í pariwo rẹ̀.

Ní ti áàpù tí ẹ máa lò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ adùn ni, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹni tó ń fi Thunderbird ka ímeèlì ti ní rídà lọ́wọ́, kò mọ̀ ni. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti ń ṣí àkáǹtì tuntun, ẹ yan ti fíìdì, á jókòó sábẹ́ ímeèlì yín lápá òsì. Àwọn oní-Mac ní NetNewsWire. Brent Simmons ló kọ ọ́ ní 2002, ó tà á, ẹni tó rà á tún tà á, nígbà tó di 2018 ó padà sọ́wọ́ Simmons fúnra rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé ẹ̀dà 5 jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Liferea wà fún àwọn oní-Linux, ó ti wà láti 2003. RSS Guard ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Linux, lórí Mac. Ẹ mú èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, bí ojú wọn ṣe rí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Apá òsì ni orúkọ àwọn ìkànnì, àárín ni àwọn àkọ́lé, apá ọ̀tún ni ìròyìn fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ ò tíì kà dúdú kirikiri, èyí tí ẹ ti kà fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ń lò ó láàárọ̀ hàn yín. Mi ò fọwọ́ kan máòsì. Lórí NetNewsWire, bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ kíìbọ́ọ̀dù ni mo ń tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ìròyìn sún sókè. Mo tún un tẹ̀, ó dé ìdí. Mo tún un tẹ̀, ó fò bọ́ sórí èyí tí mi ò tíì kà, ì báà jẹ́ ti ìkànnì míì. Lórí Thunderbird, lẹ́tà N ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka kan péré. Kò sí fídíò tó ń sáré fúnra rẹ̀, kò sí fèrèsé tó ń bẹ jáde pé kí ẹ gbà pé àwọn á máa tọ ipasẹ̀ yín. Nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí kò fò mọ́, ó ti tán nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kéré létí, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ìgbà wo lẹ kà á dé ìdí kẹ́yìn lórí fóònù? Wọn ò ṣe é kó ní ìdí.

Báwo wá ni rídà ṣe ń mọ̀ pé nǹkan tuntun ti dé? Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un. Òun ló ń lọ béèrè. Ẹ jẹ́ ká ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lù, rídà kan ilẹ̀kùn ìkànnì kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fáìlì yín." Sáfà tó wà lọ́hùn-ún, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé lórí rẹ̀, gbé fáìlì fún un, ó sì fi àmì kan tì í lọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní ETag. Àmì yẹn ń sọ bí fáìlì náà ṣe rí lásìkò yẹn. Aago mẹ́sàn-án lù, rídà tún dé. Kò tọrọ fáìlì mọ́, àmì yẹn ló nà sí wọn: "Èyí ni mo gbà lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó ti yàtọ̀?" Bí kò bá yàtọ̀, nọ́ńbà kan ni sáfà á fi dá a lóhùn: 304. Kò sí tuntun, máa lọ. Fáìlì ò tún rìn, dátà ò ṣòfò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn ń lọ lẹ́yìn wa nígbà tí a jókòó síbí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ṣe.

Ẹ̀yin lẹ lè ba ọmọlúàbí náà jẹ́. Ibì kan wà nínú áàpù tí ẹ ti máa sọ iye ìgbà tó yẹ kó máa lọ béèrè. Mo ti rí ẹni tó ní kó máa lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Kí lẹ ń lé? Ẹni tó ń kọ nǹkan kan lóṣù ò ní kọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí pé ẹ kan ilẹ̀kùn. Wákàtí kan tó. Bí ẹ bá ń yọ wọ́n lẹ́nu jù, sáfà kan á fi 429 dá yín lóhùn, ìyẹn ni pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn míì á kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Mo fẹ́ sọ ìkùdíẹ̀-káàtó rẹ̀ báyìí, torí àwọn tó ń yin nǹkan báyìí kì í sọ ọ́. Orí kọ̀ǹpútà yín ni rídà ń gbé. Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ó sùn. Ẹ sì rántí pé wọ́n ń gé ìdí fáìlì. Iye tí WordPress máa ń fi sínú fíìdì bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà ni 10. Ẹ wá rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì, kọ̀ǹpútà wà nílé, ìkànnì kan kọ ìròyìn 30. Nígbà tí ẹ bá dé, 10 tó kẹ́yìn nìkan ni rídà á rí. 20 ti lọ, kò tiẹ̀ ní sọ fún yín pé nǹkan lọ. Ìkànnì ńlá tó ń kọ ogójì lójúmọ́, òru kan tó fún un láti mú yín.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Àwọn rídà orí kọ̀ǹpútà míì lè so mọ́ sáfà kan tí kì í sùn, òun á máa bá yín kó o, rídà á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tàn án. NetNewsWire lè so mọ́ Feedly tàbí Feedbin. RSS Guard lè so mọ́ FreshRSS tàbí Nextcloud News, tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè gbé sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti so ó mọ́ ilé ẹlòmíì, ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Google ní rídà kan tẹ́lẹ̀, Google Reader, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2005. Ó dùn ún lò, ọ̀fẹ́ sì ni, ó gbà gbogbo ọjà lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n kéde pé àwọn á tì í pa. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n tì í. Èyí tí ẹ ti mọ̀ nìyẹn. Èyí tí àwọn èèyàn gbàgbé ni FeedDemon. Orí kọ̀ǹpútà Windows ni FeedDemon ń gbé ní tiẹ̀, kò jọ pé ohun tí Google ṣe lè kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Google Reader ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà kí ó lè bára mu níbi gbogbo, nígbà tí ìyẹn máa lọ, Nick Bradbury tó kọ ọ́ ní òun náà á pa tòun dé. Áàpù wà lórí tábìlì èèyàn, orísun rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé áàpù kọ́ ni ohun ìní yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ àwọn ìkànnì tí ẹ yàn, òun ni. Ọdún mélòó lẹ fi ṣà wọ́n jọ? Ọ̀pọ̀ jù lọ rídà ló ní ibi tí ẹ ti lè kó orúkọ wọ̀nyẹn jáde sínú fáìlì kan tí ìdí rẹ̀ ń jẹ́ OPML. Kékeré ni, ímeèlì lè gbé e. Rídà míì á gbà á wọlé, á sì rí gbogbo ìkànnì yín àti fóldà tí ẹ kó wọn sí. Mo mọ èyí dáadáa, mo sì tún fọwọ́ mú un yẹpẹrẹ títí dísìkì kọ̀ǹpútà mi fi kú. Ìkànnì 96 ló bá a lọ. Mo jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé, mo ń gbìyànjú láti rántí wọn. Àwọn ńláńlá kọ́ ni mo pàdánù, ta ló lè gbàgbé àwọn ńláńlá? Àwọn tó ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí mo mọ ohùn wọn bí ẹni mọ ohùn ẹ̀gbọ́n ẹni, àmọ́ mi ò mọ orúkọ ìkànnì wọn, torí kò sígbà kan tí mo tẹ̀ ẹ́ rí. Rídà ló máa ń lọ. Mélòó kan wà tí mi ò rí mọ́ títí dòní.

Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n mú kí rídà níye lórí lójú mi. Ìròyìn ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ ò nílò rídà fún un. Bó bá ṣe pàtàkì, á bá yín níbi tí ẹ bá wà. Ẹni tó ń kọ nǹkan mẹ́rin lọ́dún ńkọ́? Kò sí bí ẹ ṣe lè rántí máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹ má bá nǹkan kan, ẹ ò sì ní lọ ní ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, níbi tí ọ̀rọ̀ wà. Rídà kì í rẹ̀. Ó gba 304 lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, lọ́jọ́ kan ó gbé ìròyìn wá. Bí ó ti dé nìyẹn, ẹ ó fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀.

Èyí ló fà á tí mo fi lòdì sí kíkó ìwé ìròyìn ńlá àti òǹkọ̀wé kékeré sí fóldà kan náà. Ọ̀kan á gbé ìkejì mì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo kó ìkànnì ìròyìn mẹ́sàn-án sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn ti di 1,347. Nọ́ńbà yẹn burú. Ó ń wo èèyàn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Mo lo ọjọ́ ìsinmi kan odindi, mò ń sanwó gbèsè tí mi ò yá. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí bọ́tìnnì tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di kíkà, mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó kú. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì yẹn kí ẹ tó kọ́ èyíkéyìí tó kù. Fóldà mi ti di mẹ́ta báyìí: ti àwọn tí mò ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ, ti àwọn tí mò ń ka àkọ́lé wọn nìkan, àti ti àwọn tí mo ń dán wò. Ẹni tó bá pé oṣù mẹ́ta nínú fóldà ìdánwò tí mi ò ka ohun kan tirẹ̀, mo ń yọ ọ́.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mélòó kan lẹ́yìn tí mo sọ èyí tán, mo fi wọ́n síbí nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Arákùnrin kan ní ìlà méjì péré ni àwọn ìkànnì kan ń fi sínú fíìdì, wọ́n á ní kí ó wá ka ìyókù lọ́dọ̀ àwọn. Òótọ́ ni. Ìpolówó ni wọ́n fi ń jẹun, inú ojú ìwé wọn ni ìpolówó wà. Áàpù míì, bíi NetNewsWire, lè lọ fa ọ̀rọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ní kí ó má máa lo èyí fún àwọn tó bá fẹ́ràn. Kó lọ sọ́dọ̀ wọn, ó ṣe tán, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe.

Ẹlòmíì béèrè bóyá àwọn ìkànnì á mọ̀ pé òun ń kà wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan wá gba fáìlì, wọ́n rí àdírẹ́sì tó ti wá. Wọn ò mọ èyí tí ẹ ṣí nínú rẹ̀ àti èyí tí ẹ fò, àyàfi bí àwòrán bá wà nínú ìròyìn náà tí rídà ní láti lọ gbé wá lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ìyẹn bá ká lára lè wo ibi ìṣètò rídà tirẹ̀ bóyá ó ní ibi tí èèyàn ti lè pa àwòrán.

Màmá kan tó jókòó síwájú ló béèrè kẹ́yìn. Wọ́n ní mélòó ni káwọn fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀, mà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í kọ̀wé púpọ̀." Wọ́n yọ bírò nínú báàgì, wọ́n ya ìwé pélébé kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Wọ́n kọ èkíní, wọ́n kọ èkejì. Wọ́n wo òkè díẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀kẹta. Bírò dúró. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ayé làwọn ń ka ìròyìn lórí fóònù, kò síbi tí àwọn kì í dé, àmọ́ àwọn ò lè dárúkọ ibì kan sí i tó wu àwọn láti padà lọ. Wọ́n ká ìwé náà kékeré, wọ́n fi í sínú báàgì, wọ́n ní àwọn máa rò ó nílé.